A Mú Ìyá Lọ Jẹun Létí Òkun

Ìrìn àjò kan ni mo fẹ́ ròyìn fún yín lónìí. Kò jìnnà púpọ̀, nítorí pé lẹ́yìn tí oòrùn yọ ni a jáde nílé, a sì padà dé kí a tó kírun alẹ́. Ṣùgbọ́n owó tí ó gbà kò kéré, ohun tí ó sì fi sí mi lọ́kàn kò tíì kúrò níbẹ̀ títí di òní.

Ilẹ̀ wa ni Ọ̀tọ̀-Àwórì. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà, kí ó gba títì Àgbádárìgì láti Máìlì Tú. Yóò kọjá ọgbà ńlá tí wọ́n ti ṣe ọjà àgbáyé ti Èkó ní 1977, tí àwọn kọ̀ńdọ́ ń pè ní Tiréédì Féà. Yóò kọjá bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ọ̀jọ́. Yóò sì dé ibùdókọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Fọ́kìsì. Àwọn ọmọ ìwòyí a máa pe orúkọ náà láìmọ ohun tí ó jẹ́. Ilé iṣẹ́ Volkswagen ni, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ìjàpá pọ̀ ní 1975. Ilé iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn kọ̀ńdọ́ kò tíì yí padà. Lẹ́yìn Fọ́kìsì ni Ìyànà-Ìbà, níbi tí àwọn ọmọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ láti 1983 tí a ti dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni Òkòkómáíkò, níbi tí èmi àti ìdílé mi ń gbé. Bí ẹ bá tún ń lọ síwájú, ẹ óò kan Ìjànikin àti ìlú Ọ̀tọ̀ fúnra rẹ̀. Ní 2009 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ọ̀nà yìí láti sọ ọ́ di onílà mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ ọdún ni a sì fi jẹ eruku rẹ̀ mọ́ oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀.

Àwórì ni wá. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ ibí lè má mọ ìtàn náà. Àwọn àgbà wa sọ pé nígbà tí Olófin àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, àwo kan ni a fún un, a ní kí ó gbé e lé orí omi kí ó máa tẹ̀lé e. Ibi tí àwo náà bá rì sí, níbẹ̀ ni kí ó tẹ̀dó sí. Wọ́n tẹ̀lé àwo lórí odò Ògùn, ó ń lọ, ó ń dúró, títí ó fi dé Ìṣẹri, níbẹ̀ ni ó sì gbé rì. Nígbà tí a bi wọ́n léèrè àwo, wọ́n ní, "Àwo ti rì." Bí a ṣe ń jẹ́ Àwórì nìyẹn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kọ́ yín ní ìtàn. Ìyá mi ni ó tún fa ìtàn náà yọ nígbà tí a jókòó ti oúnjẹ, bí ẹ óò ti gbọ́.

Ìyá mi ti pé ẹni ọdún 76. Ẹja ni ó tà tí ó fi tọ́ àwa mẹ́rin. Ní gbogbo ìgbà èwe mi, kí ìpè Àsùbáà tó dún ni ó ti ń jí. Bí ó bá ti kírun tán, ó di etí omi ní Ọ̀jọ́, níbi tí ọkọ̀ àwọn apẹja ń gúnlẹ̀ sí. Epìyà, àrọ̀, obọ̀kún, akàn, edé, ohun tí omi bá fi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ó ń rù wálé. Àwọn kéékèèké ni ó ń yan lórí ààrò lẹ́yìn ilé wa, tí èéfín rẹ̀ kì í jẹ́ kí a lajú ka ìwé. Àwọn ńlá ńlá ni àwọn kúkù máa ń wá rà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń gbé lọ fún àwọn ọ̀gá wọn ní Apápá àti Ìkòyí. Ẹja tí ó dára jù nínú agbọ̀n, ti oníbàárà ni. Èyí tí akàn bá jẹ níyẹ̀, tàbí tí àwọ̀n bá ya lára, òun ni ti àwa ará ilé.

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa omi, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Òun ni ó kọ́ mi pé ní ìgbà òjò, omi ọ̀sà a di dídùn nítorí omi odò tí ń ya wọ inú rẹ̀, àti pé ní ìgbà ẹ̀rùn, omi iyọ̀ a gba ẹnu òkun wọlé, àwọn ẹja òkun a sì tẹ̀lé e wá. Òun náà ni ó máa ń sọ nípa ọdún 1984, nígbà tí koríko kan tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí àlùkò gba ojú omi láti ìhà Àjàṣẹ́ wọ Àgbádárìgì, tí ó sì nà dé ọ̀dọ̀ wa. Gúúsù Amẹ́ríkà ni a ti mọ koríko yìí tẹ́lẹ̀. Òdòdó rẹ̀ tí ó dára lójú ni ènìyàn fi ń gbé e káàkiri ayé. Ní ọ̀dọ̀ wa, ó dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀, ó gbé àwọ̀n lọ. Ìyá mi ní ọjọ́ mìíràn wà tí òun yóò dúró létí omi títí oòrùn yóò fi kan àtàrí, tí òun kì í rí ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ó lè la inú koríko náà kọjá.

Ní àkókò ààwẹ̀ 2024, lẹ́yìn tí a ṣínu tán lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin mi fi àwòrán kan han ìyá àgbà lórí fóònù. Ilé oúnjẹ kan ni, létí òkun ní Èkó: aṣọ funfun lórí tábìlì, odidi ẹja nínú àwo, ewé tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òkun lẹ́yìn. Ìyá mi gba fóònù náà, ó gbé e jìnnà sí ojú, ó tún mú un súnmọ́. Ó ní, "Gbogbo ẹja tí mo tà fún àwọn kúkù wọ̀nyẹn, n kò tíì rí bí wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀ rí." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dá fóònù padà, ó sì ń ka tẹ̀síbáà rẹ̀ lọ.

Mo ṣèlérí lọ́kàn mi lálẹ́ ọjọ́ náà pé kí ọdún tó parí, n óò mú un lọ. Fíríìjì ni mo ń tún ṣe ní ọjà Alábà, iṣẹ́ náà kì í sì í pa owó lójú kan. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni mo fi ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́, títí ó fi pé 300,000 náírà. Bí ẹ bá ní owó náà pọ̀ jù fún oúnjẹ ọ̀sán kan ṣoṣo, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi rán mi létí pé òrùlé yàrá ìyá ń jò. Mo ní òrùlé yóò dúró de oṣù tí ń bọ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù Kejìlá 2024 ni a lọ, àwa mẹ́fà: ìyá mi, èmi, ìyàwó mi, ọmọkùnrin mi àgbà tí ó wà ní yunifásítì, ọmọbìnrin mi, àti àbígbẹ̀yìn wa. Ìyá mi wọ léèsì tí ó fi ṣe Iléyá, ó fi ìborùn funfun bo orí. A wọ ọkọ̀ dánfó dé Máìlì Tú, níbẹ̀ ni a sì ti bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin.

Bí ẹ kò bá tíì wọ ọkọ̀ ojú irin yìí rí, ẹ wá ọjọ́ kan. Láti ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án 2023 ni ó ti ń gbé èrò láàárín Máìlì Tú àti Màrínà, 13 kìlómítà. Ètò tí wọ́n ṣe ni pé kí ó dé ọ̀dọ̀ wa ní Òkòkómáíkò, kí gbogbo rẹ̀ sì di 27. Iná mànàmáná ni ó fi ń rìn, kò ní èéfín, kò sì sí kọ̀ńdọ́ tí yóò bá ọ jà nítorí ṣéńjì, nítorí pé káàdì ni a fi ń wọlé. Suru-Alábà, Orílé, Gbọ̀ngàn Ìṣeré ti Ìgànmú, lẹ́yìn náà ni afárá tí ó gba orí omi kọjá lọ sí Màrínà. Lórí afárá yìí ni ìyá mi ti fi iwájú orí kan gíláàsì. Ó rí ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, tí ń fa àwọ̀n. Ó ní, "Ó ti pẹ́ kí ó tó jáde. Kò ní rí nǹkan kan." Kí a tó yíjú, a ti kọjá.

Ní Màrínà a gba takisí lọ sí Fikitóríà Áílàńdì. Ìyá mi béèrè pé etí òkun dà, nítorí Báà Bíìṣì ni òun mọ̀, níbi tí àwọn ará Èkó ti ń lọ ṣeré ní ọjọ́ Ìtúnú Ààwẹ̀ àti ọjọ́ Iléyá. Báà Bíìṣì kò sí mọ́. Òkun a máa jẹ ilẹ̀ ibẹ̀, a sì máa ya wọ títì Ahmadu Bello. Ni wọ́n bá da òkúta àti iyanrìn sínú òkun, wọ́n ń kọ́ ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic lé e lórí. Ìyá mi wo àwọn ilé gíga náà títí. "Níbi tí ilé yẹn wà," ni ó wí fún àbígbẹ̀yìn mi, "omi ti gba bàtà mi lọ níbẹ̀ rí." Ọmọ náà rò pé eré ni.

Síwájú díẹ̀, ní Onírù, ìjọba àpapọ̀ wó àwọn ilé ìgbafẹ́ etíkun Landmark ní oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún 2024, láti fi la ọ̀nà tí yóò gba etí òkun lọ láti Èkó dé Kálábà, ọ̀nà 700 kìlómítà. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ mú ìdílé yín lọ jẹun létí òkun, ẹ kọ́kọ́ ṣe ìwádìí bóyá ibi tí ẹ ń lọ ṣì wà.

N kò ní dárúkọ ilé oúnjẹ tí àwa lọ. Ó dára láti wò. Atẹ́gùn ń fẹ́, ìgbì ń bú, àwọn òṣìṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fa àga fún ìyá mi kí ó tó jókòó. Mo rí i bí ó ti wo ọmọkùnrin tí ó fa àga náà, tí ó sì rọra jókòó bí ẹni pé àga náà lè fọ́. Inú mi dùn lákòókò yẹn ju bí mo ti lè kọ ọ́ lọ.

Wọ́n pín ìwé oúnjẹ fún wa. Mo ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe iye owó níwájú ìyá àgbà. Ìyàwó mi tilẹ̀ fi ọwọ́ bo apá ọ̀tún ìwé náà bí ó ti ń ṣàlàyé àwọn oúnjẹ fún un. Ìyá mi kò ka ìwé, ṣùgbọ́n a gbàgbé pé obìnrin tí ó ta ọjà fún nǹkan bí 40 ọdún, oǹkà kì í ṣe àjèjì sí i.

Kí a tó sọ ohun tí a fẹ́, mo pe ọmọkùnrin agbóúnjẹ náà, mo béèrè bóyá wọ́n ń fi ọtí se ọbẹ̀. Ó wo ojú mi bíi pé mo bú u. Mo ní kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń sè é. Nígbà tí ó padà dé, ó ní méjì nínú àwọn ọbẹ̀ ẹja náà ní wáìnì funfun nínú, èyí tí wọ́n yan lórí iná kò ní. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tijú béèrè. A kì í kọ ọ́ sínú ìwé oúnjẹ, kò sì sí bí ojú ṣe lè dá a mọ̀. Ẹ tún béèrè bóyá orí irin kan náà ni wọ́n ń yan ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí. Ní ti edé àti akàn, ọkàn wa balẹ̀. Alùkùránì Alápọ̀nlé, nínú Súrà Máídà, ti ṣe ohun inú òkun ní ẹ̀tọ́ fún wa, ọ̀nà Ìmáàmù Màlíkì tí àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀lé kò sì yọ akàn tàbí edé sílẹ̀. Àwọn tí ń tẹ̀lé Ìmáàmù Abú Hanífà, bí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ Íńdíà, a máa yẹra fún akàn. Bí ẹ bá gba irú wọn lálejò, ẹ rántí èyí.

Ọmọkùnrin mi àgbà ní salmon ni òun fẹ́. Ìyá mi ní irú ẹja wo nìyẹn. Mo ṣàlàyé fún un pé omi tútù ni ẹja náà ń gbé, kò sí nínú òkun tí ó wà níwájú wa yìí, àti pé ilẹ̀ Nọ́wè, níbi tí òkúpọrọ́kọ́ ti ń wá, ni wọ́n ti ń sìn ín jù lọ ní gbogbo ayé, nínú àwọ̀n ńlá tí wọ́n dè sínú omi. Ìyá mi wo òkun, ó wo ọmọ náà. "Ọkọ mi, o wá sí etí omi wá jẹ ẹja tí ó wọ ọkọ̀ òfúrufú." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ọmọ náà pàápàá.

Ọbẹ̀ ata tèmi ni ó kọ́kọ́ dé. Àwo náà fẹ̀ bí atẹ, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ inú rẹ̀ kò ju ohun tí ènìyàn lè fi ṣíbí márùn-ún bù tán. Ìyá mi na ọrùn wò ó. Ó ní, "Àwo Olófin rì nítorí pé ó wúwo. Èyí kò lè rì láéláé, kò sí nǹkan nínú rẹ̀." Ẹ̀rín tí a rín mú kí àwọn tí ó wà ní tábìlì kejì bojú wò wá. Bí mo bá lè dá ọjọ́ náà dúró síbẹ̀ ni, ǹ bá dá a dúró.

Ọmọkùnrin náà gbé atẹ yìnyín kan wá, ẹja kíróókà mẹ́ta ni ó wà lórí rẹ̀, kí ìyá mi yan èyí tí ó wù ú. Àṣà ibẹ̀ nìyẹn, wọ́n fẹ́ kí oníbàárà rí i pé odidi ni. Ìyá mi ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹja àkọ́kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tí ó tẹ̀ kò padà sókè. Ó ṣí ibi tí ẹja fi ń mí, ó wò ó, kò pupa, ó ti rí bí eérú. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìkejì àti ìkẹta. Èmi tí ń tún fíríìjì ṣe, mo mọ ohun tí yìnyín lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, mo sì rí ohun tí ó rí. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò pariwo. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹja yìí ti tó ọjọ́ márùn-ún lórí yìnyín. Kò bàjẹ́, ó ṣe é jẹ. Ṣùgbọ́n iye ẹja òwúrọ̀ ni ẹ kọ sí i."

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Màmá, àárọ̀ yìí ni ó dé."

"Ọ̀kadà ni ó gbé e dé láàárọ̀ yìí," ni ìyá mi fèsì. "Omi kọ́."

Àwọn ará tábìlì kejì tún bojú wò wá. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín sínú ife rẹ̀. Ọmọkùnrin mi àgbà dorí kọ fóònù. Èmi, ẹ̀yin òǹkàwé mi, èmi tí mo fi oṣù mẹ́jọ tọ́jú owó kí ojú ìyá mi lè rí ohun tí kò rí rí, mo tẹ̀ sí i létí, mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a jẹun. Ẹ ń dójú tì wá."

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí atẹ náà. Ó nu àwọn ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ó dáa." Ó nawọ́ sí èyí tí ó wà láàárín, wọ́n sì gbé e lọ.

Oúnjẹ dé, mo lè sọ pé ó dùn. Edé ìyàwó mi tóbi bí ọwọ́ ọmọdé, ìrẹsì àwọn ọmọ kò le kò rọ̀. Ìyá mi ṣe Bísímílà, ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jẹ díẹ̀ lára ẹja náà, ó ní, "Wọ́n mọ̀ ọ́n yan," ó sì pín ìyókù fún àwọn ọmọ. Orí rẹ̀ wà nínú àwo bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi wá kó o lọ.

Nígbà tí àkókò Àlàásárì tó, a béèrè ibi tí a lè kírun. Wọ́n mú wa gba ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ sí igun kan tí àwọn òṣìṣẹ́ tẹ́ ẹní sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ó wọ aṣọ funfun àwọn alásè, ó bá wa kírun. Lẹ́yìn tí a sálámà tán, ó yíjú, ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá mi. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin ni ẹ wo ẹja lẹ́ẹ̀kan?" Ìyá mi ní òun ni. Ó bojú wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́fà ni, Màmá. Ẹ má bínú." Ìyá mi súre fún un, pé Ọlọ́run yóò gbé e ga. Mo dúró síbẹ̀, mo ń ká ẹní tí kì í ṣe tèmi.

Ní ti owó tí a san, n óò kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí ó bá fẹ́ ṣe ètò. Ẹja ìyá 42,000, salmon 40,000, edé 36,000, ìrẹsì pẹ̀lú adìyẹ, méjì, 44,000, ọbẹ̀ ata 14,000, omi mẹ́rin 10,000, omi èso mẹ́ta 24,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 210,000 náírà, mo sì rò pé ó tán síbẹ̀. Kò tán. Owó-orí ọjà ti ìjọba àpapọ̀, tí ó ti di náírà 7 àti kọ́bọ̀ 50 lórí ọgọ́rùn-ún náírà láti oṣù Kejì 2020, jẹ́ 15,750. Owó-orí ìjẹun ti Ìpínlẹ̀ Èkó, láti inú òfin 2009, náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún, jẹ́ 10,500. Owó ìgbóúnjẹ-kalẹ̀ ti ilé oúnjẹ fúnra rẹ̀, náírà mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún, jẹ́ 21,000. Ó di 257,250. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà ni Gómìnà Èkó kéde pé 85,000 ni owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ sí irú ibẹ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó jókòó bóyá àwọn owó mẹ́ta yìí ti wà nínú iye tí wọ́n kọ, tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọn yóò fi kún un.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, ìyá mi béèrè iye tí mo san. Mo ní kò tó nǹkan. Ó ní, "Ọ̀kẹ́ mẹ́wàá àti ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà." Ẹnu yà mí. Gbogbo ìgbà tí ìyàwó mi ń fi ọwọ́ bo ìwé, ìyá ń ka tirẹ̀ lọ́wọ́ àbígbẹ̀yìn mi. Mo jẹ́wọ́ pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo ṣàlàyé owó mẹ́ta náà. Ó gbọ́ ti ìjọba, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo dé orí ti ìgbóúnjẹ-kalẹ̀, ó ní, "Ọmọ náà gbé oúnjẹ kalẹ̀ dáadáa." A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Orílé kí ó tó tún sọ̀rọ̀. Ó ní, "O san owó tí ó tó báyìí, o kò jẹ́ kí n wo ẹja lójú."

Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni sọ títí a fi dé Máìlì Tú.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo lọ bá a ní yàrá rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo tọrọ àforíjì. Ó ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù. Mo ní n kò ní dìde. Ó ní, "Ojú ẹ̀yìn mẹ́ta ni ó tì, ìwọ, ọmọ rẹ, àti ọmọkùnrin yẹn. Ojú kò tì mí." Mo gba èyí gẹ́gẹ́ bí àforíjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò dá a lójú ara mi. Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní ní ọjọ́ Sọ́ńdè a óò lọ sí etí omi ní Ọ̀jọ́, kí n sì mú ọmọkùnrin mi àgbà dání.

A kírun Àsùbáà, a lọ. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa, ìkùukùu wà lórí omi, a ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kí a tó rí ọkọ̀. Ó ti tó ọdún méje tí ìyá mi ti fi ọjà sílẹ̀, síbẹ̀ àwọn obìnrin ibẹ̀ ń pe oríkì rẹ̀ láti òkèèrè. Ó kọ ọkọ̀ àkọ́kọ́, ó kọ ìkejì. Nínú ẹ̀kẹta ni ó ti rí obọ̀kún kan tí ó gùn tó apá mi. Kò fọwọ́ kàn án. Ọmọkùnrin mi ni ó sọ fún pé kí ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́, ara ẹja náà ta padà. Ó ní kí ó ṣí ibi tí ó fi ń mí. Ó pupa bí ẹ̀jẹ̀. "Wò ó lójú," ni ìyá mi wí, ọmọ mi sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń wo ẹja lójú. Apẹja ní 15,000. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó bi í bóyá salmon ni. 11,000 ni wọ́n jọ dá a sí.

Ìyá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sè é. Ata, àlùbọ́sà, epo pupa díẹ̀, iyọ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú ẹ̀bà. Ó dà á sínú àwo ńlá kan ṣoṣo, a jókòó yí i ká lórí ẹní. Ìyàwó mi bu orí ẹja náà, ó gbé e síwájú rẹ̀. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì gbà á. A kò gbọ́ ohùn rẹ̀ títí ó fi jẹ ẹ́ tán, tí ó fa gbogbo egungun rẹ̀ mu, tí ó sì tò wọ́n sí etí àwo.

Lẹ́yìn náà ó fọ ọwọ́, ó ṣe Álíhámúdùlíláì, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí mi. Mo bi í pé kí ni. Ó ní owó ìgbóúnjẹ-kalẹ̀ òun ni, 1,100 náírà.